Ewé Tí Ń Ta Lẹ́nu

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀yin ọmọ Ọjúgbẹ̀lú tí ẹ wà ní ìlú Ọ̀wọ̀ àti ní gbogbo àyíká rẹ̀, láti Ìyèré dé Ìpele, láti Ùsò dé Ẹmùré-Ilé, àti ẹ̀yin ará wa ní agbègbè Ọ̀sẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní, ní Ùtẹ̀ àti ní gbogbo abà tí ó wà lẹ́bàá odò tí ó fi orúkọ rẹ̀ ta yín lọ́rẹ, mo kí yín. Mo kí àgbẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé tí kò tíì fi omi ṣan ẹsẹ̀. Mo kí ìyá tí ó gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, tí ó ń fi etí kan gbọ́ tiwa, tí ó sì ń fi ojú méjèèjì ṣọ́ ọbẹ̀. Mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ kò kàn yín, nítorí ẹ̀yin gan-an ni ó kàn jù. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ibi tí ìlera ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹnu ìkòkò ni kí ó wò.

Ẹ̀fọ́ ni mo gbé wá bá yín lálẹ́ òní, kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ lápapọ̀ bí kò ṣe ìdílé kan láàárín wọn, ìdílé tí kábéèjì jẹ́ àgbà fún, tí bùrókólì, kọlifíláwà, rádíìṣì, àti músítádì tí a ń kà nípa hóró rẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́, jẹ́ ara kan náà. Ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, ẹ ó sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ èrò, pé àwọn ẹ̀fọ́ wọ̀nyí ní èròjà tí ń bá ohun tí ń ba ara jẹ́ jà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni, débi pé ẹni tí kò lówó kábéèjì gbà pé oore yìí kò sí fún òun, tí ẹni tí ó sì lówó rẹ̀ ń sè é títí tí oore náà fi bá omi lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn kò ju ọ̀kan lọ: títa tí ewé ń tani lẹ́nu, àti òórùn tí ń yọ nígbà tí a bá gé e, tí a kà sí àbùkù rẹ̀, àwọn gan-an ni agbára rẹ̀, ewé tí ó ní agbára bẹ́ẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé wa, láìjẹ́ pé ọkọ̀ gbé e wá láti Jọ́ọ̀sì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ń wá lórí rédíò, ọmọ Ọ̀wọ̀ kọ́ ni yóò béèrè bẹ́ẹ̀. Ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ẹni tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣe ọdún Igogo, ọdún tí ìlù ń dákẹ́ nígboro tí agogo sì ń gba ipò rẹ̀, kọ́ wa pé ilá tí wọ́n lọ̀ lójú ẹni tí kò gbọdọ̀ rí i wà lára ohun tí ó lé ayaba kúrò láàfin. Bí lílọ ilá bá lè yí ìtàn ìlú padà, ó dájú pé ọwọ́ tí a fi ń bọ ẹ̀fọ́ lè yí ìlera ilé padà.

Kí a tó mọ ohun tí ewé ń ṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ba ara jẹ́. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú ní ọ́síjìn, ọ́síjìn yìí sì ni ara ń lò láti sọ iyán, ẹ̀bà àti púpurú di agbára tí a fi ń ṣiṣẹ́. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ ènìyàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ó parí. Síbẹ̀, ohun tí ó gbé wa ró yìí náà ní í máa bà wá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí ara ti ń lò ó, ìwọ̀nba kan nínú rẹ̀ ń di oníjàgídíjàgan tí kò lè dá dúró, tí ń já nǹkan gbà lára ohunkóhun tí ó bá sún mọ́: ó ń já a gbà lára ọ̀rá tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká, ó ń já a gbà lára àwọn purotéènì, ó sì ń já a gbà lára DNA tí ó jẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn òbí wa. Ẹ rántí àdá tí àgbẹ̀ gbàgbé sí ẹ̀yìnkùlé ní ìgbà òjò: ọ́síjìn kan náà yìí ni ó bá irin Ògún fínra tí ó fi di ìpáàrà. Ara ènìyàn náà a máa ní ìpáàrà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò rí i. Èéfín sìgá, èéfín igi ìdáná, èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ojú fèrèsé, àti epo tí a ti fi dín àkàrà títí ó fi dúdú, gbogbo wọn ni ó ń fi kún un. Bí ó bá pọ̀ ju ohun tí ara lè kápá lọ, ó ń lọ́wọ́ nínú àìsàn ọkàn, nínú jẹjẹrẹ, nínú ojú tí ń ṣe bàìbàì àti nínú ogbó tí ń yá ju bí ó ti yẹ lọ.

Elédùmarè kò fi wá sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Ọ̀nà méjì ni ìrànlọ́wọ́ ewé ń gbà wá. Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn èròjà tí ń pàdé oníjàgídíjàgan náà lójúkojú, tí wọ́n ń fún un ní ohun tí ó ń wá kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́: fitamin C wà nínú wọn, tí nǹkan bí mílígíráàmù 36 rẹ̀ ń bẹ nínú gíráàmù 100 kábéèjì tútù, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú inú epo pupa wà nínú wọn, kíkorò ewúro àti àwọ̀ dúdú wọ̀rọ̀wọ́, ẹ̀bòlò àti tẹ̀tẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe dára, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe é kí agbára rẹ̀ tó tán, àfi bí òmíràn bá tún un ṣe. Ọ̀nà kejì ni ó jinlẹ̀ jù, ọ̀nà yìí sì ni ìdílé kábéèjì fi yàtọ̀ láàárín ẹ̀fọ́: èròjà tí ń ta lẹ́nu nínú rẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ jà, ó ń jí àwọn jagunjagun tí ń sùn nínú ara ènìyàn dìde, àwọn ẹ́ńsáìmù tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ májèlé di ohun tí a lè tọ̀ dànù, a sì máa pẹ́ lẹ́yìn tí ewé fúnra rẹ̀ ti lọ kí iṣẹ́ wọn tó dáwọ́ dúró.

Bí a ṣe mọ èyí jẹ́ ìtàn tí ó yẹ ní gbígbọ́. Ní 1990, ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, George Bush àgbà, kéde fún gbogbo ayé pé òun kórìíra bùrókólì láti kékeré, pé nígbà tí òun sì ti di ààrẹ, kò sí ẹni tí yóò tún fi ipá mú òun jẹ ẹ́ mọ́. Kò ju ọdún 2 lọ lẹ́yìn náà, ní 1992, tí Paul Talalay àti Yuesheng Zhang pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore fi rí èròjà kan nínú bùrókólì yìí kan náà, tí wọ́n ń pè ní sulforaphane, tí wọ́n sì fi hàn pé ó ń jí àwọn ẹ́ńsáìmù adáàbòbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dìde. Ní 1997, Jed Fahey bá wọn kún un, wọ́n sì tún rí i pé bùrókólì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí kò ju ọjọ́ 3 lọ nílẹ̀, ní ohun tí sulforaphane ti ń jáde ní ìlọ́po 10 títí dé ìlọ́po 100 ju èyí tí ó ti gbó lọ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ni wọ́n sì ṣàlàyé bí ó ti ń ṣẹlẹ̀: olùdarí kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè ní Nrf2, purotéènì kan tí ń jẹ́ Keap1 a sì máa dì í mú; bí èròjà tí ń ta lẹ́nu yìí bá kan Keap1, ọwọ́ rẹ̀ a tú, Nrf2 a bọ́ lọ sí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, a sì pàṣẹ pé kí iṣẹ́ ààbò bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí. Ewé kò dá èròjà yìí sílẹ̀ nítorí ènìyàn. Ó dá a sílẹ̀ nítorí kòkòrò àti ẹran tí ń jẹ ẹ́. Nǹkan méjì ni ó ń tọ́jú sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ara rẹ̀: ọ̀kan ni glucosinolate, tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, èkejì ni ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ myrosinase. Níwọ̀n ìgbà tí ewé bá wà ní pípé, àwọn méjèèjì kì í ríra. Ọjọ́ tí eyín tata bá bù ú, tàbí tí ọ̀bẹ ìyáálé bá là á, wọ́n pàdé, ohun tuntun sì jáde ní ojú ẹsẹ̀, ohun tí ń ta, tí ń rùn, tí ń mú imú rin. Ìdí nìyí tí kábéèjì tí a kò tíì gé kì í fi í rùn, tí ilé sì ń kún fún òórùn rẹ̀ nígbà tí a bá gé e. Ewé tí a kò ṣe léṣe kò ní ohun púpọ̀ láti fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá gbé e mì láìjẹ ẹ́ kúnná ti fi oore dùn ara rẹ̀.

Ǹjẹ́ èyí ti ran ènìyàn ẹlẹ́ran ara lọ́wọ́ rí, àbí inú ìgò àwọn onímọ̀ nìkan ni ó parí sí? Ní 2014, àbájáde ìwádìí kan jáde láti Qidong ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti mọ́. Ènìyàn 291 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń mu ohun mímu tí a fi bùrókólì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ṣe, apá kejì ń mu èyí tí kò ní in nínú, fún ọ̀sẹ̀ 12. Bẹ́ńsíìnì tí ara àwọn tí ó mu ti bùrókólì fi ìtọ̀ lé jáde fi ìdá 61 nínú 100 pọ̀ sí i. Bẹ́ńsíìnì yìí kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí inú epo bẹntiróòlù ni ó wà, a sì ń mí i sínú ní ilé epo, lẹ́yìn ọ̀kadà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ pé mo ní kábéèjì ń wo jẹjẹrẹ. N kò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gbá ilé rẹ̀. Àìsàn tí ó bá ti wọlé, ọ̀dọ̀ dókítà ni a ń gbé e lọ.

Wàyí o, bí a bá ti ń dárúkọ Baltimore àti Qidong, ẹni tí ń gbọ́ wa ní agbègbè Ọ̀sẹ́ lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí òun. Kò jìnnà rárá. Àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn ti fi hàn pé agboolé tí kábéèjì ti wá tóbi ju bí a ti rò lọ, àti pé àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ní irú ohun ìjà yìí kan náà wà nínú oko wa. Èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ ni ẹ̀kúyá. Ta ni kò mọ ẹ̀kúyá? Ẹ̀kúyá olórí funfun, ẹ̀kúyá eléwé márùn-ún lórí igi kan, ẹ̀kúyá tí a kò gbìn tí ó hù, tí a jó oko tán tí ó tún yọrí, ẹ̀kúyá tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ tí òórùn rẹ̀ sì ń bá ọwọ́ délé. Nígbà tí iná bá ti kọjá lórí ilẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, òun ni a ń kọ́kọ́ rí lórí ààtàn àti létí ọ̀nà oko. Irú glucosinolate kan wà nínú rẹ̀ tí ń sọ òórùn rẹ̀ di ohun tí kòkòrò ń sá fún. Àwọn onímọ̀ kan ní Kẹ́ńyà tilẹ̀ fi hàn ní 1992 pé ewé rẹ̀ ń lé eégbọn, a sì máa pa á. Yàtọ̀ sí títa rẹ̀, ó ní fitamin C, ó ní èròjà tí ara ń sọ di fitamin A, ó ní kálísíọ̀mù, ó sì ní irin tí ẹ̀jẹ̀ ń lò. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kúyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ láwùjọ wa, nítorí pé àwọn ọmọ wa ń pè é ní koríko. Ní Kẹ́ńyà tí mo dárúkọ, àgbẹ̀ ń gbìn ín tà, ó wà lórí pẹpẹ àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Nairobi, wọ́n sì ń fi wàrà sè é kí kíkorò rẹ̀ lè rọ̀. Àwa ní ẹ̀gúsí, a ní irú, a ní epo pupa. Kí ni ó dè wá lọ́wọ́?

Ìbátan kejì yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, nítorí pé èso rẹ̀ ni a mọ̀, a kì í ka hóró rẹ̀ sí. Ìbẹ́pẹ ni mo ń wí. Ẹ bu hóró ìbẹ́pẹ pípọ́n kan, ẹ fi eyín tẹ̀ ẹ́, yóò ta yín lẹ́nu. Glucosinolate àti myrosinase ni wọ́n pàdé lẹ́nu yín yẹn, lọ́nà kan náà tí wọ́n ń gbà pàdé nínú músítádì. Àwọn baba wa mọ̀ pé hóró yìí ń lé aràn kí ẹnikẹ́ni tó fún èròjà inú rẹ̀ lórúkọ. Ní 2007, àwọn oníṣègùn kan ní Nàìjíríà tí Okeniyi ṣíwájú wọn tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ọmọ 60 tí aràn wà nínú ìgbẹ́ wọn. Wọ́n fún ọmọ 30 ní hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí a lọ̀ mọ́ oyin, wọ́n sì fún 30 yòókù ní oyin lásán. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ keje, ìgbẹ́ ọmọ 23 ti mọ́ nínú àwọn ti ìṣáájú, ọmọ 5 péré ni tiwọn mọ́ nínú àwọn ti oyin lásán. Ìwádìí kékeré ni, kò sì gbọdọ̀ mú kí ìyá kan máa bu hóró fún ọmọ láìbéèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Aboyún pàápàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn wá pé ohun tí a ń tu dànù lẹ́yìn ìbẹ́pẹ kì í ṣe pàǹtí.

Ẹ̀kẹta ni mọ̀ríńgà, tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n ní kò sí àrùn tí kì í wò. Àsọdùn ni gbogbo èyí, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Síbẹ̀, bí ariwo ti lọ yẹn, igi náà kò bá ariwo lọ. Òun náà jẹ́ ìbátan kábéèjì, títa tí ewé àti hóró rẹ̀ ń ta kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn ará ilé rẹ̀. Jed Fahey tí ó ṣiṣẹ́ lórí bùrókólì ni ó tún fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ mọ̀ríńgà wò. Ẹni tí ó bá ní in lọ́gbà kí ó máa já ọ̀dọ́ ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó má ṣe fi owó oúnjẹ ọmọ ra ìyẹ̀fun rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bí a ti ní ewé yìí lọ́wọ́, kí ni a ń ṣe sí i? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, a ó já ẹ̀fọ́ ní òwúrọ̀, a ó gé e, a ó da omi tí ń hó lé e lórí tàbí kí a gbé e kaná fún ìgbà pípẹ́, a ó fún un títí tí omi aláwọ̀ ewé yóò fi kán tán lára rẹ̀, a ó sì da omi náà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí adìyẹ yóò ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: kíkorò ń dínkù, kòkòrò àrùn ń kú, ẹ̀fọ́ sì ń rọ̀ fún arúgbó àti ọmọdé. Ṣùgbọ́n iná tí ó pọ̀ ń pa myrosinase, omi tí a ń fún dànù ń gbé glucosinolate lọ, fitamin C sì ń bá wọn rìn. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, nítòsí wa níbí, ni Ganiyu Oboh, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa wò, ti ṣe iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 2005 lórí bíbọ ẹ̀fọ́, tí tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ewúro wà lára ohun tí ó yẹ̀ wò, ó sì rí i pé bíbọ̀ ń gbé fitamin C wọn lọ gan-an. Òótọ́ ni pé àwọn kòkòrò inú ìfun wa lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí myrosinase ìbá ṣe, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

Nítorí náà, ọ̀nà tí ó tọ́ kò le. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ ní odindi kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ gé e tán, kí agbára rẹ̀ má bàa bá omi lọ. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 30 sí 40 kí ó tó rí iná, nítorí àsìkò yìí ni àwọn èròjà méjì náà ń pàdé. Ìgbà tí èròjà tí ń ta lẹ́nu bá sì ti jáde tán, iná díẹ̀ kò rí i mú bí ó ti ń rí myrosinase mú. Ẹ kọ́kọ́ se ata, ẹran, irú àti ẹ̀gúsí kí ó jinná, kí ẹ̀fọ́ sì jẹ́ ohun tí yóò wọ ìkòkò kẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má tíì ṣá. Bí kíkorò bá pọ̀ tí ẹ kò lè ṣe kí ẹ má bọ̀ ọ́, ẹ já ọ̀dọ́ ewé, ẹ fi omi kékeré bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi omi náà se ọbẹ̀. Epo pupa tí a fi sí i kì í ṣe fún adùn nìkan, nítorí ọ̀rá ni ó ń jẹ́ kí ara gba èròjà fitamin A inú ewé. Ṣùgbọ́n epo tí a yọ́ títí tí pupa rẹ̀ fi parẹ́ ti pàdánù èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ kábéèjì ní tútù, kí ó bọ́ ewé òde rẹ̀ sọnù nítorí oògùn kòkòrò, kí ó sì fi omi tí ó mọ́ ṣan ìyókù dáadáa, nítorí ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run.

Mo ti yin ewé yìí tó, ó tọ́ kí n sọ ibi tí ó léwu pẹ̀lú. Ní 1928, ní Johns Hopkins yìí kan náà, àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń fi kábéèjì bọ́ ehoro rí i pé gẹ̀gẹ̀ ń yọ sí wọn lọ́rùn. Èròjà inú ìdílé yìí lè dí áyódíìnì, tí àìtó rẹ̀ ń fa gẹ̀gẹ̀, lọ́nà, gbáàgúdá tí a kò ṣe dáadáa sì ń ṣe irú rẹ̀. Ìdí nìyí tí iyọ̀ tí a fi áyódíìnì sí, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní 1993, fi ṣe pàtàkì nínú ilé tí ń jẹ púpurú àti láfún. Ẹni tí ó bá ń lo iyọ̀ yìí tí ó sì ń jẹ ẹ̀fọ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì kò ní ohun tí yóò bà á lẹ́rù. Ẹni tí dókítà fún ní warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì kò gbọdọ̀ ṣàdédé jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀ lóṣù yìí kí ó sì pa á tì lóṣù tí ń bọ̀, nítorí fitamin K inú ewé ń bá oògùn náà jà. Kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí etí ń dùn kò sì gbọdọ̀ kán omi ẹ̀kúyá sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣe àwọn baba wa ni, nítorí bí awọ inú etí bá ti lu, oró ewé yóò ṣe é léṣe.

Èyí tí ó sì burú jù ni ti àwọn tí ó rò pé bí ewé bá dára, kóró oògùn tí a fi èròjà rẹ̀ ṣe yóò dára jù ú lọ. Ní 1994, ilẹ̀ Finland tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 29,133 tí ń mu sìgá, tí wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní kóró beta-carotene, èròjà tí ń bẹ nínú ẹ̀fọ́ àti epo pupa, pẹ̀lú ìrètí pé yóò dènà jẹjẹrẹ. Ìdà kejì ni ó ṣẹlẹ̀: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó lò ó. Ní 1996, wọ́n dá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà nítorí ìdí kan náà. Ohun tí ń ṣe ara lóore nínú abọ́ ọbẹ̀ lè di ọ̀tá rẹ̀ bí a bá yọ ọ́ sọ́tọ̀ tí a sì sọ ọ́ di púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ní kí a ra ìgò. Wọ́n ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan máa jẹ gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso, ó kéré tán, lójúmọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ọ̀sẹ́ àti Ọ̀wọ̀, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Òtútù òkè Jọ́ọ̀sì ni ó mú kí kábéèjì fẹ́ràn ibẹ̀; tí a bá gbìn ín níhìn-ín, ooru yóò bá a jà, labalábá kékeré kan tí a mọ̀ káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá kábéèjì yóò sì wá a rí, nítorí òórùn tí ń lé kòkòrò yòókù ni òun fi ń mọ ibi tí yóò yín ẹyin sí. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ kábéèjì fi ń fọ́n oògùn ṣáá. Ẹ̀kúyá kò ní kí ẹ ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wa bí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a bá ti gbìn ín, a ti lè máa já a. Àkùrọ̀ etí odò Ọ̀sẹ́ sì lè fún wa ní tútù rẹ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sọ ẹ̀fọ́ di ọ̀wọ́n. Ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó so, kí ó gbẹ, kí ẹ sì tọ́jú hóró rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní oko ilé-ìwé, ẹ kọ ebè kan fún un, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń pàtẹ ní Ọjà Ọba, ẹ má ṣe fi í sábẹ́ tẹ̀tẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì polówó rẹ̀.

Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. A kò ní kí ẹni tí ó lówó kábéèjì má rà á, a kò sì ní kí ẹni tí ó fẹ́ràn bùrókólì bí ti òyìnbó dáwọ́ dúró. Ohun tí a ń sọ ni pé kí òtòṣì má ṣe ro ara rẹ̀ pin nítorí pé kò rí owó wọn, kí olówó má sì fi iná pa ohun tí ó fowó rà. Bí ẹ bá ti ibi rédíò yìí dìde lálẹ́ òní, tí wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú yín, tí ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ sì ta yín lẹ́nu díẹ̀, ẹ má bínú sí ẹni tí ó sè é. Ẹ ní kí ó bù sí i.